Wọ́n ní iwin ń gbé òtẹ́ẹ̀lì náà: ṣé kí a lọ sùn níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn ká máa rìnrìn àjò lọ síbi tí wọ́n bá ti ní iwin wà. Lọ́dún tó kọjá, a sùn ní òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago kan òru, orí ti ń fọ́ àwa méjèèjì, àyà mi ń lù kìkì, ìyàwó mi sì ní òun rí ẹnì kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. A tún ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè orí wa. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí a jáde síta, gbogbo rẹ̀ pòórá. A ti sanwó òru méjì sí òmíràn fún oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ní tibẹ̀ tún le jù. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti lóyún oṣù mẹ́rin báyìí. Ṣé kí a lọ? Kí ni ká mú dání?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o. A óò gbóhùn ìyá, a óò gbóhùn ọmọ.

Iṣẹ́ tèmi ni yíyẹ ilé àtijọ́ wò káwọn èèyàn tó wọ̀ ọ́: òrùlé, pákó ilẹ̀, wáyà, ihò èéfín. Mi ò mọ nǹkan kan nípa iwin, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tó já mi láyà ju ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ: ẹ jáde síta, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ẹni méjì, orí fọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nínú yàrá tí wọ́n tì pa lóru, atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lára, ó lọ. Bí wọ́n bá ròyìn èyí fún mi lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí iná ti ń jó nínú ilé náà.

Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ carbon monoxide. Bí igi, èédú, epo tàbí gáàsì ìdáná bá ń jó tí atẹ́gùn ò tó o, ó ń mú un jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta èèyàn lójú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ gba àyè atẹ́gùn tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbé kiri, ebi atẹ́gùn á wá máa pa ọpọlọ àti ọkàn. Orí á fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, àyà á máa lù, ojú sì lè bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ní 1921, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, William Wilmer, kọ ìròyìn ìdílé kan tó kó wọ ilé ńlá àtijọ́ kan ní 1912. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn. Ìyá ilé rí obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú. Àwọn ọmọ funfun lójú, orí ń fọ́ wọn, àwọn òdòdó inú ìkòkò pàápàá ń kú. (Iwin wo ló ń bínú òdòdó?) Àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ilé ló rántí pé òun ti ka irú rẹ̀ rí, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé májèlé ni gbogbo wọn ń fà símú. Wọ́n yẹ iléru tó ń mú ilé gbóná wò: ó ti bàjẹ́, dípò kí èéfín rẹ̀ gba ihò èéfín jáde, inú ilé ló ń dà sí. Wọ́n tún un ṣe, obìnrin aláṣọ dúdú ò padà wá mọ́.

Èmi náà ti pàdé tèmi. Ilé ìtura kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gan-an kì í fẹ́ wọ yàrá kan báyìí tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Abẹ́ yàrá yẹn ni iléru tó ń se omi ìwẹ̀ wà. Mo gun òrùlé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò èéfín. Ìtẹ́ ẹyẹ ni: koríko gbígbẹ, ìyẹ́, àjákù ọ̀rá, ó dí ihò náà pa bí ìdérí ṣe ń dí ìgò. Èéfín tí ò rọ́nà gba òkè ti wá àlàfo àárín pákó lọ, ó ń yọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n máa ń dáná sí i kí àwọn àlejò lè wẹ̀. Òun ló jẹ́ kí “iwin” ọ̀hún ní aago tó ń bá wá.

Mi ò sí lórí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ lọ, n kò lè búra pé ohun tó ṣe yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ inú oyún ni gáàsì yìí ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù lọ. Ohun tó fọ́ orí ìyá lásán lè wu ọmọ léwu. Nítorí náà, ẹ má sùn níbẹ̀ láì ní aláàmù carbon monoxide alábátìrì lọ́wọ́. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tó bá orí yín dọ́gba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kì í ṣe sínú àpò, kì í ṣe ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Aláàmù èéfín lásán ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó bá han, tàbí bí orí bá tún fọ́ ẹ̀yin méjèèjì bíi ti èṣí, ẹ má dúró wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jáde tẹ̀yin taṣọ oorun yín, ẹ pe panápaná, kí ìyàwó yín sì dé ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà. Kẹ́ ẹ tètè sọ fún wọn pé ó lóyún.

Ohun mìíràn wà tó ń jẹ́ kí ara èèyàn bù máṣọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe májèlé. Ní 1998, ẹnjiníà kan ní Coventry, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vic Tandy, kọ nípa yàrá iṣẹ́ tó ti ń rí ohun eléérú kan ní ẹ̀gbẹ́ ojú, tí òógùn tútù sì ń bò ó. Ó máa ń fi idà ṣeré ìdárayá. Lọ́jọ́ kejì ó gbé abẹ idà rẹ̀ wá láti tún un ṣe, ó há a mọ́ irin, abẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n fúnra rẹ̀. Fáànù tuntun tó ń fa atẹ́gùn jáde ló ń mú ìró kan wá, ìgbọ̀n nǹkan bí 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí wa ò lè gbọ́. Wọ́n pa fáànù, ẹ̀rù pa rẹ́.

Ìtàn yìí dùn, àwọn èèyàn sì ti nà án ju bó ṣe gùn lọ. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní London tẹ èsì jáde lórí èèyàn 79 tí wọ́n ní kí wọ́n dá wọ yàrá tí wọ́n dìídì kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún wọn pé ó lè ṣe wọ́n bákan. Ó sì ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn bákan. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń mú irú ìró tí etí ò lè gbọ́ yẹn wá ṣiṣẹ́ o, kò ṣiṣẹ́ o, ọ̀kan náà ni. Ohun tí wọ́n sọ fún èèyàn kó tó wọlé ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn òru yẹn dáadáa, ẹ má ka ìtàn iwin ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ rí bá tiwọn mu.

Ìró ẹsẹ̀ ló rọrùn jù. Pákó tó gbóná lọ́sàn-án ń sún kì bó bá tutù lóru, ìṣó á máa jẹ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan, kà, kà, kà, bí ẹni tó ń rìn. Ilẹ̀kùn tó bá ń dá ṣí, ẹ fi ìgò omi sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ wo ibi tó máa yí gbà.

Ṣé kẹ́ ẹ lọ? Ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì náà lónìí. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n gbá ihò èéfín kẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n yẹ iléru wò kẹ́yìn, àti bóyá aláàmù wà nínú yàrá. Ẹni tó ń tọ́jú ilé rẹ̀ á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá bú sẹ́rìn-ín pé “iwin ló ń ṣọ́ wa,” ẹ gba owó yín padà bí wọ́n bá gbà, bí wọn ò bá sì gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ibi tí wọ́n ń fi ọ̀sán wò ni mo fẹ́ràn fún aláboyún. Ní Philadelphia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Eastern State Penitentiary, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣí ní 1829 tí wọ́n sì tì ní 1971, akoto ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún àlejò dé nígbà tí wọ́n ṣí i fún ìbẹ̀wò ní 1994, torí òrùlé. Orí mi ń wú fún irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ju fún òkú lọ. Odi Bhangarh ní Íńdíà ní pátákó tó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ tàbí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Wọ́n ní torí iwin ni, ṣùgbọ́n etí igbó Sariska tí ẹkùn ń gbé ló wà, ìyẹn ti tó mi. Ibi ìkóegungunsí abẹ́ ilẹ̀ Paris, tí egungun èèyàn tó tó mílíọ̀nù 6 wà, lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ àtẹ̀gùn 131 lẹ máa sọ̀, 112 lẹ máa gùn jáde, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìkómọ.

Ilé ahoro tí kò ní olùtọ́jú, tí wọ́n ń gba ojú fèrèsé wọ̀, ẹ má dán an wò, oyún o, àìlóyún o. Pákó tó jẹrà máa ń dúró bíi tuntun títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́.

Bí òtẹ́ẹ̀lì náà bá sì dáhùn yín dáadáa, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tí kò sí lórí iléru, tí fèrèsé rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Àwọn yàrá àtijọ́ kan wà tí wọ́n ti fi ọ̀dà lẹ fèrèsé pa láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà bẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú ẹrù, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò.