Ọkọ mi wà nílé, àmọ́ mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún 67 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ mi ti ń ṣarán. Nígbà míì, orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fi ń pè mí. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ò yà mọ́, èmi náà ò lè lọ sípàdé ẹgbẹ́ ìyá mọ́. Àwọn ọmọ ń fowó ránṣẹ́. Ṣé kò burú pé mò ń sunkún ọkọ tó ṣì wà láàyè? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìrójú. Kò burú rárá. Ẹni tí ẹ máa ń bá gbìmọ̀ lóru lẹ ń pàdánù díẹ̀díẹ̀, ẹ sì tún ń wẹ̀ fún un láràárọ̀. Ọ̀fọ̀ ni. Kò kàn sẹ́ni tó máa kí yín kú àrafẹ́rakù ni, torí pé bàbá wà lórí àga.

Ti orúkọ àbúrò yẹn, kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Àìsàn yìí, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, ohun tuntun ló kọ́kọ́ máa ń jẹ nínú iyè. Ti àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ó lè jẹ́ pé ilé bàbá rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ lákòókò yẹn. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ dá a lóhùn, kí ẹ bi í léèrè ohun tí àbúrò náà mọ̀ ọ́n sè. Ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣì kù tí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ sọ.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́, ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn míì ti gbọ́ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ sọ fún wọn láìfi bò pé ọpọlọ ló ń ṣàìsàn, kì í sì í ràn. Nínú ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí rẹ̀ láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn, níbí ní Ìbàdàn wa. Lẹ́yìn náà, ẹ má kàn sọ pé “ẹ máa yà wá wò.” Ẹ dárúkọ ọjọ́ àti aago: “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá a ta ayò láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, mo fẹ́ lọ sípàdé.” Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ mú, torí ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí kì í balẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí kò bá lè ta ayò mọ́, kí wọ́n jọ kọ orin àtijọ́. Orin máa ń pẹ́ lẹ́nu wọn.

Owó àwọn ọmọ dára, àmọ́ kò tó. “A wà dáadáa” tí ẹ ń wí lórí fóònù ló ń tàn wọ́n. Ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ jí lóru àná fún wọn, kí ẹ ní kí ẹnì kan wá máa sùn tì í lálẹ́ méjì lóṣù.

Bí dókítà ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú àgbàlagbà ní ilé ìwòsàn UCH, níbí ní Ìbàdàn. Àìtó fítámì B12 tàbí oògùn kan tí èèyàn ń lò lè dá kún ìgbàgbé, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí oúnjẹ ò bá wọlé, tí oorun ò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà fún ara tiyín. Tó bá sì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kú, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnì kan.