Ó ń tú èéfín dúdú, ó tún ń sín: ṣé kí n ra kabúrétọ̀ mìíràn?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux àtijọ́ ni mo fi ń kó iṣu láti Ìkọ̀lé wá sí Adó, ẹ́ńjìnnì 2Y ló wà nínú rẹ̀. Oṣù tó kọjá la sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a pààrọ̀ rínǹgì, bíárìn àti gbogbo gáskẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, bí mo bá dúró sójú kan láìpa á, èéfín dúdú ló ń tú. Bí mo bá sì kó ẹrù tí mo fẹ́ gun òkè, á máa sín láti inú kabúrétọ̀, kò ní lágbára mọ́. Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra kabúrétọ̀ mìíràn. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó yẹn. Àìsàn méjì lẹ ń pè ní ọ̀kan.

Kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Pẹtiróòlù kìló kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kìló 14.7 kó tó jóná dáadáa. Èéfín dúdú ń sọ pé epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Sísín láti inú kabúrétọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ń sọ pé epo kò tó. Ẹnì kan kì í yó kí ebi tún máa pa á, àfi bó bá jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ìgbà tó yó, ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí ebi ń pa á. Bí ti yín ṣe rí nìyẹn: ó yó nígbà tó dúró, ebi ń pa á lórí òkè.

Ohun tí mo fura sí ni pé sísín yẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ni mẹkáníìkì yín bá tú síkúrúù kékeré ìdí kabúrétọ̀ síta kí epo lè pọ̀ sí i. Síkúrúù yẹn kò lágbára ju ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí tọ́tù, ibi tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, lọ. Tí ẹ bá ti tẹ tọ́tù gun òkè, jẹ́ẹ̀tì ńlá, ihò tí epo ń gbà jáde nínú kabúrétọ̀, ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó tú síkúrúù tán, èéfín dé, sísín kò lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kan kabúrétọ̀, ẹ yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò. Wáyà púlọ́ọ̀gì tó bá ṣìnà máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì sín bákan náà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sì rèé. Bí iná ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nínú sílíńdà ni 1-3-4-2, ẹ ka nọ́ńbà kìíní láti ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Kí wọ́n yẹ táìmìn, àkókò tí iná ń ṣẹ́, náà wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kó ẹrù, ẹ gun òkè kan pẹ̀lú jíà kẹta, kí ẹ tẹ tọ́tù dáadáa. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lókè, ẹ kúrò lójú títì, ẹ dúró, kí ẹ sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ṣe sílò rárá, torí èéfín dúdú ìdúró yẹn á kun púlọ́ọ̀gì, á sì ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ má pa á nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí o: ẹ́ńjìnnì ló ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sórí àkísà bí wọ́n ṣe wà. Tí imú wọn bá rí bíi àwọ̀ gúgúrú tó yan díẹ̀, ó dára. Tó bá funfun bí eérú, epo kò tó. Dúdú gbígbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Dúdú tó tutù tó ń yọ̀, ọ́ìlì nìyẹn, rínǹgì tuntun, tó yẹ kó dí ọ́ìlì mọ́lẹ̀, kò tíì jókòó. Kabúrétọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló funfun, tí mẹ́ta yòókù dára, afẹ́fẹ́ ń wọlé lẹ́bàá sílíńdà yẹn.

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá funfun, ẹ tẹ̀ lé epo láti táńkì wá: fílítà, pọ́ńpù, jẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdérí táńkì. Ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ti pààrọ̀ kabúrétọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdérí táńkì ti sọnù, wọ́n fi ọ̀rá dì í, wọ́n sì fi rọ́bà so ó pinpin. Mo tú rọ́bà yẹn, mo gbọ́ “fùùù”, afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé. Pọ́ńpù ti ń fa epo nínú táńkì tí kò lè mí. Ìdérí gidi la rà, iṣẹ́ parí.

Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, ẹ bu omi sínú ike tí wọ́n fi ń fín irun, ẹ fín in díẹ̀díẹ̀ sí ìdí kabúrétọ̀ àti gáskẹ́ẹ̀tì mánífóòlù, ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, nígbà tó ń ṣe sílò. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Omi ni mo sọ o. Mo mọ àwọn tó ń fi pẹtiróòlù ṣe é. Iná kì í mọ ọ̀gá.

Ìgbà yìí lẹ tó wá dá síkúrúù yẹn padà. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ yí i wọlé títí tí yóò fi fẹ́ kú, ẹ yí i síta títí tí yóò fi sáré jù lọ, kí ẹ dá a padà díẹ̀. Tí èéfín dúdú bá ṣì wà, ẹ wo gíláàsì kékeré ara kabúrétọ̀: àárín ló yẹ kí epo wà. Tó bá kún kọjá ibẹ̀, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò pa dé. Ẹ wo ṣóòkì kabúrétọ̀ náà, ìlẹ̀kùn tó ń dí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bóyá ó há.

Ẹ má fi èéfín yẹn ṣeré. Epo tó pọ̀ jù ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ibi tí rínǹgì tuntun ti ń wá àyè jókòó. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ lónìí, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ dà á nù, ẹ rọ òmíràn.

Ní ti kabúrétọ̀: ẹ di irin tí tọ́tù ń yí mú, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì jìgìjìgì nínú ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, kò sí síkúrúù tó lè tún un ṣe. Nígbà yẹn, ẹ lọ ra òmíràn. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ kọ́kọ́ mi irin tiẹ̀ náà wò kí ẹ tó sanwó.