Olè tú inú ìbọn àtijọ́ bàbá mi lọ: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kent ni mo ń gbé níbí ní Ìlú Ọba. Bàbá mi tó ti dolóògbé kó ìbọn ológun àtijọ́ jọ, nítorí pé baba ńlá wọn jagun Kírìjí, wọ́n sì fẹ́ràn irú ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ń fi ránṣẹ́ sójú ogun nígbà náà. Nígbà tí a lọ sìnkú nílé, ẹnìkan wọlé. Kò gbé odidi ìbọn kankan. Ó tú ìbọn Snider méjì àti ìbọn Martini-Henry kan, ó kó irin inú wọn lọ, ó fi igi àti ọ̀pá sílẹ̀ lára ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn Snider náà ní TOWER 1862 lára, èkejì jẹ́ ti Enfield, ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè ra irin mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n fi dí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé mo sì lè lọ bá ọlọ́pàá nígbà tí mi ò ní ìwé àṣẹ ìbọn?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mo mọ bó ṣe ń dunni tó láti máa wo ìbọn bàbá ẹni tí inú rẹ̀ ti ṣófo, ṣùgbọ́n ibi tó ṣófo yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó kù lọ́wọ́ yín. Irin tí wọ́n jí kò sí níwájú wa mọ́. Igi tó jókòó sí ló lè sọ irú irin tó jẹ́. Ẹni tó bá ti ki irin mìíràn bọ ibẹ̀, tó há ojú igi díẹ̀ kó lè wọlé, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ bà yín lẹ́rù. Òfin ìbọn ti ọdún 1968, ní abala 58, yọ ìbọn àtijọ́ tí a tọ́jú bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ohun ọ̀ṣọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù March 2021 wá là á sílẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe ìbọn náà ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September 1939, kí ọta rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí ìjọba kà sí èyí tí ayé ti fi sílẹ̀. Ọta Snider (.577) àti ti Martini-Henry (.577/450) wà níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kì í bá ti yìn wọ́n, ẹ ò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ìbọn mìíràn bá wà nílé tó ní ìwé àṣẹ, tí olè sì fọwọ́ kàn án, ọjọ́ méje ni ìwé náà fún ẹni tó ni ín láti fi tó ọlọ́pàá létí.

Nọ́ńbà ọlọ́pàá, 101, ni kí ẹ pè. Ẹni tó bá gbé fóònù lè rò pé irin jákujàku ni wọ́n jí. Ẹ sọ fún un pé irin ìdérí, ìyẹn èyí tó ń dí ìdí ọ̀pá ìbọn kí agbára ọta má tú sẹ́yìn, wà lára àwọn ẹ̀yà tí òfin ìbọn dárúkọ pé ó ṣe pàtàkì, bíi ọ̀pá fúnra rẹ̀. Wọn á fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí adójútòfò máa béèrè rẹ̀. Kí wọ́n tó dé, ẹ má nu ohunkóhun, ẹ má sì fọwọ́ lásán kan irin. Tí wọ́n bá ti da ìyẹ̀fun wá ìtẹ̀ka tán, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ìyẹ̀fun náà kúrò. Òógùn ọwọ́ olè náà ní iyọ̀ nínú, ó sì lè dípẹtà lára ọ̀pá kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ìda tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń lò ni kí ẹ fi pa ọ̀pá náà. Òróró kò dára nínú ihò igi, igi á mu ún, á sì dúdú.

Iṣẹ́ tó gba sùúrù ló kàn. Ẹ gbé Snider TOWER yẹn sórí tábìlì. Súkúrù gígùn méjì ló gba inú igi kọjá láti apá òsì láti di lọ́ọ̀kì mú, ìyẹn àwo irin tó gbé òòlù ìbọn àti sípíríǹgì rẹ̀. Bí olè bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ wo ojú wọn. Tí ojú ibi tí wọ́n ń ki súkúdíráfà sí bá ti ya, tó ń dán bí irin tuntun, ẹni tó kánjú ni. Tó bá wà gbọn-in bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹni náà mú irinṣẹ́ tó bá a mu wá, ó sì ti tú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ fún ọlọ́pàá orúkọ gbogbo ẹni tí bàbá ti fi àwọn ìbọn náà hàn, títí kan oníṣòwò tó wá díye lé wọn.

Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ sínú ihò tí lọ́ọ̀kì ti kúrò. Ẹ máa rí àpá sípíríǹgì tó dúdú sára igi, àti lẹ́tà kéékèèké tí àwọn tó gbẹ́ igi tàbí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fi òǹtẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe ọ̀pọ̀ ìbọn TOWER, tí olúkúlùkù ń fi fáìlì ro irin tirẹ̀ títí á fi bára mu, wọ́n sì máa ń há ìlà kéékèèké sára irin àti súkúrù kí wọ́n má bàa ṣì í tò. Bí ìlà mẹ́ta bá wà lára súkúrù tó kù, ìlà mẹ́ta ló yẹ kó wà lára lọ́ọ̀kì tó sọnù. Ẹ̀rí tó lè dúró nílé ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ gbé rúlà sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti igun tó pọ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn tó bá ka ẹ̀sùn rú. 1862 tó wà lára lọ́ọ̀kì ni ọdún tí wọ́n ṣe ìbọn náà nígbà tó ṣì jẹ́ oníkìmọ́lẹ̀ láti ẹnu, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹnu ọ̀pá. Láti 1866 ni wọ́n ti ń gé ìdí irú wọn láti sọ wọ́n di Snider, tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí oníṣòwò kan má bàa sọ pé irọ́ ni.

Tí bàbá ò bá ya fọ́tò àwọn ìbọn náà sílẹ̀, ẹ wá inú fọ́tò ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí, Kérésìmesì. Ohun tó bá wà lára ògiri pálọ̀ sábà máa ń bọ́ sẹ́yìn àwọn ènìyàn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwé Object ID, ìlànà tí ICOM, àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù lágbàáyé, ń bójú tó fún jíjúwe ohun tí wọ́n jí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Art Loss Register ní London, tó ń kọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n jí sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ún? Ẹni tó tú súkúrù kàkàkí ríbi tà á ní tirẹ̀, ohun tó mú kí irú olè yìí gbówó lórí nìyẹn. Irin kékeré ń wọ àpò, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó ti wá, pàápàá láti 2003 tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì ti ra ẹrù ìbọn àtijọ́ rẹpẹtẹ nínú ilé ìkóhun-ìjà ọba ilẹ̀ Nepal ní Kathmandu, tí Snider àti Martini wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ni ó ti wá, àwọn kan sì ní òǹtẹ̀ Nepal. Òǹtẹ̀ yẹn lè ràn yín lọ́wọ́ láti mọ èyí tí kì í ṣe tiyín.

Tí gbogbo ìwádìí bá wá kọjá, tí ẹ sì fẹ́ kí ìbọn náà pé, ti Enfield rọrùn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀, irin ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Èmi á kọ́kọ́ ṣe ìyẹn àti Martini. Ti TOWER, mo fẹ́ kí ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣófo, kí ẹ fi fóòmù tí kò ní ásíìdì di ihò náà kí eruku má wọ̀ ọ́. Irin tí ẹ bá rà fún un kò ní bá a mu, ẹ ò sì gbọdọ̀ há igi. Tí ẹ bá takú, irin ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ro, kí wọ́n tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sí ibi tí ojú kò ní rí, kí ẹni tó bá jogún rẹ̀ lẹ́yìn yín mọ̀.

Pẹ̀lú adójútòfò, ẹ má gba owó irin nìkan. Iye tí odidi ìbọn fi dínkù ni kí ẹ béèrè, ìyẹn sì lè pọ̀ ju iye irin lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé tí irin náà bá jáde, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rà á padà, nítorí ẹni tó san owó rẹ̀ tán lè sọ pé òun ló ni ín.

Ó lè pẹ́. Christian Oerter rọ ìbọn kan ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà, ní 1775; inú mùsíọ́ọ̀mù Valley Forge níbẹ̀ ni wọ́n ti jí i ní 1971. 2018 ni wọ́n tó rí i. Àmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnìkan tí kò mọ̀ pé olè ni bá ra nǹkan yín, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti rà á ẹ̀tọ́ yín lè kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè fúnra rẹ̀ kì í rí ẹ̀tọ́ kankan gbà láéláé. Nítorí náà, ẹ máa yẹ ìwé gbàǹjo ìbọn àtijọ́ wò. Tí ẹ bá rí ohun tó jọ tiyín, ẹ má dù ú, ẹ má kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á. Ẹ ya ojú ìwé náà sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ọjà náà, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àti ilé gbàǹjo pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn àti fọ́tò inú igi, kí wọ́n lè dá ọjà náà dúró kí ọjọ́ títà tó pé.