Kí ẹ tó kọ lẹ́tà ìdádúró fún òṣìṣẹ́ ìlú First Nations ní Kánádà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ẹ ní iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní Kánádà fẹ́ gbà yín láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ fún àwọn ìlú ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní First Nations, ẹ sì béèrè ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun kan ni mo sì fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má kọ lẹ́tà kankan títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá òfin ìjọba àpapọ̀ ni ó de iṣẹ́ náà tàbí òfin ìpínlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti ilẹ̀ wọn ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, gbogbo iṣẹ́ orí ilẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1980, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ Four B, iléeṣẹ́ tí ń rán awọ bàtà lórí ilẹ̀ Tyendinaga, tí àwọn ọmọ Mohawk dá sílẹ̀, pé òfin Ontario ni ó de é, nítorí pé bàtà ni bàtà ń jẹ́, ẹni yòówù kí ó rán an. Ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ NIL/TU,O, ilé ẹjọ́ náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa àjọ tí ń tọ́jú ọmọ àti ìdílé fún àwọn First Nations kan ní British Columbia. Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni ilé ẹjọ́ ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso ìlú ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, abẹ́ Canada Labour Code, òfin iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n sábà máa ń wà.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọsẹ̀. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìlú kan ní kí n bá wọn dá obìnrin kan dúró, ẹni tí ó ti lo ọdún 9 ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó ilé ìlú. Mo kọ lẹ́tà náà bí mo ti máa ń kọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi ní ìgboro: a kò sọ ìdí, a kàn san owó dípò ìkìlọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí owó náà bá ti tó. Ṣùgbọ́n abala 240 nínú Canada Labour Code fún òṣìṣẹ́ tí ó ti lo oṣù 12 gbáko, tí kì í ṣe máníjà, tí kò sì sí lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ní àyè láti fi ẹ̀sùn kàn láàárín ọjọ́ 90 pé wọ́n lé òun lọ́nà àìtọ́, ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nínú ẹjọ́ Wilson ní ọdún 2016 sì ti là á mọ́lẹ̀ pé owó kò lè dípò ìdí. Ní ọjọ́ 71 lẹ́yìn tí a dá a dúró ni obìnrin náà pe ẹ̀sùn rẹ̀. Onídàájọ́ ní kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san gbogbo owó oṣù tí ó pàdánù. Owó tí ìlú ti yà sọ́tọ̀ láti fi tún òrùlé àwọn ilé kan ṣe ni wọ́n fi san án.

Mo lọ ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn fa lẹ́tà mi yọ, ó kà á sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì bi mí pé, “Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ èyí?” N kò rí èsì fọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, mo sì ti mọ òwe yìí láti kékeré. Ẹni tí ó buwọ́ lu lẹ́tà náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá obìnrin yìí ni, wọ́n sì jọ ń pàdé lójoojúmọ́ ní ọ́fíìsì kan náà títí di òní. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀sùn bá ti kan ẹbí, mo máa ń ní kí wọ́n pe olùwádìí láti ìta, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì rojọ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pinnu.

Ẹ kíyè sí àsìkò ìbò pẹ̀lú. Ọdún 2 péré ni sáà ìgbìmọ̀ tí a yàn lábẹ́ Indian Act, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí àwọn First Nations, àwọn tuntun a sì máa fẹ́ lé àwọn tí àwọn àtijọ́ gbà síṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá tán ní tòótọ́, òfin gbà kí a dá òṣìṣẹ́ dúró; bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ni wọ́n yí padà, ẹ sọ fún wọn kedere pé ẹ kò ní kọ lẹ́tà náà. Canada Industrial Relations Board, tí ó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2019, yóò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Canada Labour Code tún fún òṣìṣẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ 5 lọ́dún, lẹ́yìn oṣù 3 lẹ́nu iṣẹ́, fún àṣà ìbílẹ̀ bí ọdẹ àti ẹja pípa. Mo ti rí ìwé ìlànà ìlú tí kò sọ ọ́ rárá, nítorí pé agbẹjọ́rò kan ti da ìwé iléeṣẹ́ ìgboro kọ fún wọn. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ yìí, ìwé ìlànà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́.