Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: “Ara Mi Dá Ṣáká, Wọ́n Ní Ẹ̀jẹ̀ Mi Ò Dára”

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 38 ni mí, télọ̀ ni mí ní Òṣogbo. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi kó lè bí ìbejì, wọ́n ní kí n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní àwọn ò lè gbà á, pé hẹpatáítìsì B wà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn sọ ọ́ sí mi létí ni, wọn ò ṣàlàyé. Màmá, kò sí ohun tó ń ṣe mí! Mò ń jẹun, mò ń sùn, mo máa ń wà nídìí máṣíìnì títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, kú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn lẹ́ni ọdún 44. Ikùn rẹ̀ wú bíi ti aboyún, ara rẹ̀ gbẹ. Gbogbo ilé ló gbà pé wọ́n fi nǹkan sínú oúnjẹ fún un ni. Ní báyìí, ìyá mi tó wá ń bá wa wẹ ìbejì ti so òwú pupa tó mú ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ etí ife mi, kí ẹlòmíì má baà fi mumi. Ìyàwó mi ń wò mí bákan. Alágbo kan ní òun ní èyí tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ta ló kó àrùn yìí ràn mí? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o, ìwọ àti ìyàwó ẹ. Ọlọ́run á wo Táyé àti Kẹ́hìndé fún wa.

Èmi tí mò ń dá ọ lóhùn yìí, mo ní in. Ọdún 1998 ni mo mọ̀, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù wò. Ara tèmi náà dá ṣáká lọ́jọ́ náà.

Kòkòrò tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà ni hẹpatáítìsì B, ẹ̀dọ̀ kì í sì í ké. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ò mọ ìrora, awọ tó bò ó nìkan ló mọ̀ ọ́n. Jẹjẹrẹ lè jókòó síbẹ̀ kó tóbi tó ọsàn kí ẹni tó ni ín tó sọ pé ìhà ọ̀tún ń dun òun. Nígbà náà, ẹyinjú ti pọ́n bí ìyeyè, omi ti kún ikùn. Mo ti tọ́jú irú wọn. A ó fa omi náà títí bọ́kẹ́ẹ̀tì á fi kún, kò ní pẹ́ tí ikùn á tún fi wú padà. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń ṣàìsàn, n ò lè búra, ṣùgbọ́n bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn, mo ti rí i tó lójú ara mi, kì í sì í ṣe nínú oúnjẹ ni wọ́n ti rí i.

Ta ló kó o ràn ọ́? Bí àgbàlagbà bá kó kòkòrò yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ara wọn á lé e lọ. Kò tó 1 nínú 20 tó máa ń dúró sí lára. Ọmọ tuntun tó bá kó o lọ́jọ́ ìbí ńkọ́? Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa gbé e dàgbà, torí ara ọmọ ò tíì mọ ọ̀tá. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti kékeré lo ti ní in, láti ara ìyá, tàbí láti abẹ olóòlà tó fi kọ ọmọ mélòó kan láìfọ̀ ọ́. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wọ inú èyí tí à ń gún fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà. Wọ́n ti bí ọ tipẹ́. Kí ìyàwó ẹ yé wò ọ́ bákan. Nínú àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe káàkiri lọ́dún 2018, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in.

Ohun tí n óò bẹ̀ ọ́ sí rèé: má dúró de ìrora. Hẹpatáítìsì B ò nílò kí ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ kó le kó tó sọ ọ́ di jẹjẹrẹ, tí ẹ̀gbọ́n ẹ sì ti lọ báyẹn, ọ̀rọ̀ tìẹ yá ju ti ẹlòmíì lọ. Lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀. Ní kí wọ́n ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ẹ, kí wọ́n ṣe síkáànù ikùn, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AFP, èyí tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Tèmi, oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án ni, mo ti fi bírò kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é á da nǹkan tútù yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ sí mi nínú, á ki irin ẹ̀ bọ abẹ́ egungun ìhà mi: “Màmá, ẹ fa èémí sínú, ẹ dá a dúró.” Mo máa ń wo àjà lókè títí á fi ní kí n mí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fún lóògùn. Bí wọ́n bá fún ọ ní tenofovir, ẹyọ kan lóòjọ́ ni. Kì í lé kòkòrò náà lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, ewu jẹjẹrẹ á sì dín kù. Àwọn tó ní HIV náà ń lò ó, bí ẹnì kan bá rí ìgò rẹ̀ tó sì ń fi ẹnu ẹ̀ ṣe nǹkan, wàhálà tiẹ̀ nìyẹn.

Àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀ kẹ̀! Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ àgbo. Má mu ún, má mu ògógóró, ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá sì ti bu, dà á nù: májèlé inú ebu yẹn àti kòkòrò yìí máa ń pawọ́ pọ̀ ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ife ò kó o, abọ́ ò kó o, ìdìmọ́ra ò kó o. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń kó o. Abẹ́rẹ́ tó bá gún ọ níka ní ṣọ́ọ̀bù, má fún ọmọ iṣẹ́ ẹ lò ó. Kòkòrò yìí lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ méje. Abẹ fífá irùngbọ̀n ẹ náà, tìẹ nìkan ni. Kí ìyàwó ẹ ṣe àyẹ̀wò. Bí kò bá ní in, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni: lónìí, lóṣù kan, lóṣù mẹ́fà. Ẹ wo káàdì àwọn ìbejì bóyá wọ́n gba ti ọjọ́ ìbí, kí wọ́n má sì pàdánù ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kó máa fún wọn lọ́mú lọ.

Ó ku ìyá ẹ. Òun àti gbogbo àbúrò ẹ ló yẹ kó lọ sí láàbù, àmọ́ rọra sọ ọ́ o, má ṣe bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án. Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tó lóyún yín? Bó bá ní kí ló kan òun, ka èyí sí i létí: lára ìyá tèmi náà ni mo gbà pé mo ti kó o. Ẹni ọdún 71 ni lọ́jọ́ tí mo mú un lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n sì rí i, kò sì tíì sọ lọ́jọ́ kan rí pé ìhà ń dun òun.