Ọdún Nìkan Kì í Gba Ìwé Ìgbélùú: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ìwé ìgbélùú ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ, nítorí náà a mú mẹ́rin nínú wọn, a sì gé wọn kúrú. Gbogbo wọn ló dá lórí èdè àti ìdánwò tí ìjọba ń béèrè kí wọ́n tó gbà kí àlejò di ará ilé.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ti pẹ́ ní Jámánì, ó sì ti gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀. Ó fẹ́ kí n wá bá òun, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò èdè Jámánì tí wọ́n ń pè ní A1. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n kò sì ráyè lọ sí kíláàsì. Ajẹ́ńtì kan ní Dùgbẹ̀ ní bí mo bá lè san owó, òun yóò bá mi gba ìwé ẹ̀rí náà láìjẹ́ pé mo jókòó ṣe ìdánwò kankan. Ṣé kí n san án? — Aláṣọ, Àpáta.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un, ìyá wa. Yàtọ̀ sí pé ayédèrú ìwé lè ba ọ̀rọ̀ fíísà yín jẹ́ pátápátá, òṣìṣẹ́ tó bá gba ìwé yín ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Jámánì lè fi èdè náà bi yín ní ìbéèrè méjì péré, àṣírí á sì tú lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2007 ni òfin Jámánì ti ní kí ọkọ tàbí aya tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa gbọ́ èdè náà díẹ̀ kó tó wọ bàálù. Àwọn kan wà tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń lo ìwé ìgbélùú àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ gan-an tí wọ́n ń pè ní Blue Card, ṣùgbọ́n jíjẹ́ aya ọmọ onílùú kò yọ yín.

Ìdánwò náà kò le tó bí àwọn ajẹ́ńtì ṣe ń sọ ọ́. Apá mẹ́rin ló ní: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, ẹni tó bá gba máàkì 60 nínú 100 ti yege. Ní apá kíkọ, ẹ ó dí àlàfo inú fọ́ọ̀mù kan, ẹ ó sì kọ lẹ́tà kúkúrú tí kò ju bí ọ̀rọ̀ 30 lọ. Ní apá sísọ, wọn yóò ní kí ẹ sọ orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá, ibi tí ẹ ń gbé, èdè tí ẹ gbọ́, iṣẹ́ yín àti ohun tí ẹ fẹ́ràn láti máa ṣe bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kí ẹ pe lẹ́tà inú orúkọ kan níkọ̀ọ̀kan. Ẹ múra sí ibẹ̀ dáadáa, torí pé "ve" ni àwọn ará Jámánì ń pe lẹ́tà W, "yot" ni wọ́n ń pe J, "fau" sì ni wọ́n ń pe V. Ẹni tó ń jẹ́ Wúràọlá gbọ́dọ̀ fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ kó tó lè pe lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ní ti nọ́ńbà, aago àti iye owó, tó pọ̀ nínú apá gbígbọ́, mo rò pé ẹni tó ń ṣírò owó aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ ní Gbági ti ṣáájú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì. Goethe-Institut, ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì tó wà ní Èkó, máa ń ṣe ìdánwò yìí, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ti kọ́ èdè náà. Ẹ lè gba tíṣà ní Ìbàdàn níbí, kí ẹ máa kọ́ ọ lálẹ́ lẹ́yìn ọjà, kí ẹ sì lọ sí Èkó kìkì fún ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni A1 ń ṣí. Bí ẹ bá ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ yín gẹ́gẹ́ bí aya ọmọ onílùú, ẹ lè béèrè ìwé ìgbélùú tí kò ní ọjọ́ ìparí, B1 ni wọn yóò sì bi yín, èyí tí í ṣe pé kí ènìyàn lè ṣàlàyé ara rẹ̀ níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ dókítà àti nílé ìwé ọmọ. Ìjọba ní ẹ̀kọ́ kan fún àwọn àlejò, wákàtí ẹ̀kọ́ 600 fún èdè àti 100 fún òfin, ìtàn àti ìgbé ayé ilẹ̀ náà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un ní kété tí ẹ bá débẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ owó ló máa ń kọ́kọ́ wọ ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún ẹ̀kọ́ èdè síwájú títí ọdún mẹ́ta fi pé, ọdún náà yóò pé ni, ìwé kò ní jáde.

Fún àwọn òǹkàwé tí ọkọ tàbí aya wọn kì í ṣe ọmọ onílùú, ọdún márùn-ún ni òfin sábà máa ń béèrè, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti san fún oṣù 60, B1, àti ẹ̀rí pé wọ́n mọ ètò ìlú. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ èyí wò ní ìbéèrè 33, inú àkójọ kan tí ìjọba ti gbé síta fún gbogbo ayé ni wọ́n sì ti ń mú wọn, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń tà fún yín pé ó jẹ́ àṣírí. Ohun kan tó wù mí nínú òfin yìí ni pé bí tọkọtaya bá ń gbé pọ̀, owó ìfẹ̀yìntì tí ẹnìkan san tó fún àwọn méjèèjì. Ní ti èdè, oníkálùkù ni yóò dá tirẹ̀ sọ.

ÌBÉÈRÈ: Yunifásítì Ìbàdàn ni ọmọ mi ọkùnrin ti kàwé gboyè, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba pẹ̀lú fíísà iṣẹ́. Ọdún márùn-ún rẹ̀ ń pé lọ. Ó ní wọ́n ń béèrè ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì, àti pé òun tún máa ṣe ìdánwò lórí ìtàn àwọn ọba wọn. Ta ló kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì bí kò ṣe àwọn náà? — Bàbá àgbà, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ìbínú yín tọ́. Ìjọba Ìlú Ọba ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn kò ní láti fi ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì hàn. Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Jamaica wà níbẹ̀, Barbados wà níbẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo ka èyí sí ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n òfin ni, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ. Oyè tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ yín ní Ìbàdàn dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí Ecctis, àjọ tó ń yẹ oyè ilẹ̀ òkèèrè wò fún wọn, bá ti jẹ́rìí pé ó bá oyè tiwọn dọ́gba àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tó ń gba fíísà iṣẹ́, tí ó sì dé ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè fún ìgbélùú, wọn kì í tún un béèrè.

Ìdánwò kejì, tí wọ́n ń pè ní Life in the UK, kò ní oyè tó lè rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè 24 ni, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún un, àfi kí ènìyàn gba 18 kó tó yege. Pọ́n-ùn 50 ni owó rẹ̀, ìkànnì ìjọba fúnra rẹ̀ sì ni ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ìbéèrè wá láti inú ìwé kan tí ìjọba tẹ̀: ogun ọdún 1066, àwọn ìyàwó ọba Henry Kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìrántí ẹni mímọ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ibẹ̀ tí kò ka ìwé náà ni yóò fìdí rẹmi. Kí ọmọ yín má ṣe gbójú lé pé òun ń wo ìròyìn wọn lójoojúmọ́. Kó ra ìwé náà, kó kà á tán. Bí kò bá yege, lẹ́yìn ọjọ́ méje ló lè padà ṣe é. Kó sì wò ó dáadáa pé bí orúkọ rẹ̀ ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ni ó ṣe forúkọ sílẹ̀, torí pé àwa Yorùbá a máa gbé orúkọ bàbá síwájú lónìí, a tún gbé e sẹ́yìn lọ́la, wọ́n sì lè torí ìyẹn dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun méjì kù. Ẹni tó bá fi ju ọjọ́ 180 ṣe ìrìn àjò jáde kúrò ní Ìlú Ọba láàárín oṣù 12 èyíkéyìí lè pàdánù ọdún tó ti kà, nítorí náà kó ṣírò gbogbo ìgbà tó wálé ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Èkejì, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba gbé ìwé àbá jáde pé kí ọdún márùn-ún di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá kọ̀wé ni kó wò, kì í ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ní Yúróòpù ti ní kò tọ́ láti fún aya ẹni ní ìdánwò èdè kó tó wọ Netherlands. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Sángo.

ÌDÁHÙN: Ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Ọmọ Nàìjíríà sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin méjì, ọ̀kan láti Azerbaijan, èkejì láti orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n fi lẹ́tà K àti A bo orúkọ wọn, fẹ́ lọ bá ọkọ wọn, wọ́n sì ní àìlera kò jẹ́ kí àwọn lè ṣe ìdánwò tí Netherlands gbé kalẹ̀ láti ọdún 2006. Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wà ní Luxembourg dá a pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ènìyàn ní ìdánwò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ di ohun tí yóò pín ọkọ àti aya níyà. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ orí ènìyàn, ìlera rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti agbára rẹ̀. Yúrò 350 tí wọ́n ń gbà nígbà náà fún ìdánwò àti 110 fún ìwé ìmúrasílẹ̀ wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ sọ pé ó pọ̀ jù. Nítorí náà ìdánwò ṣì wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tó sì ní ìwé dókítà, ni ìdájọ́ yẹn lè gbè.

Ìdí tí wọ́n fi ń le mọ́ èdè tó báyìí kò ṣòro láti mọ̀. Láti ọdún 1955 títí di 1973, Jámánì kó òṣìṣẹ́ wọlé láti Ítálì, Tọ́kì àti ibòmíràn, kò sì kọ́ wọn lédè nítorí ó rò pé wọn yóò padà sílé. Ọ̀pọ̀ kò padà. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n dàgbà síbẹ̀, àwọn mìíràn kò sì lè ka lẹ́tà tí ilé ìwé ọmọ wọn fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀bi ìjọba ni, kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n àlejò òní ló ń san gbèsè rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti wá. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Òjóò fún ọdún 16. Bí mo bá fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà, ṣé wọn yóò fún èmi náà ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì? — Káfíńtà, Òjóò.

ÌDÁHÙN: Abala 27 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló sọ̀rọ̀ lórí èyí, kò sì dárúkọ ìdánwò èdè kankan. Ọdún 15 ni ó béèrè kí ènìyàn ti gbé níbí, kó ti tó ọjọ́ orí, kó jẹ́ oníwà rere, kó sì fi hàn pé òun fẹ́ fi ibí ṣe ilé. Ìkan tó wà níbẹ̀ ṣòro ju ìdánwò lọ lójú mi: gómìnà ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà yín, àti pé ẹ ti di ara ìgbé ayé wọn. Ọmọ Kétu tó ti fi ọdún 16 kan ilẹ̀kùn àti àga fún ará Òjóò kò yẹ kó ní ìṣòro níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó. Ọjọ́ 90 ni àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún yín láti gbé láìgba fíísà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìgbélùú ló yẹ kí ẹ máa lò. Ẹ kó gbogbo ìwé ìgbélùú yẹn jọ láti ọdún tí ẹ dé, pẹ̀lú rìsíìtì owó orí àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà, kí ẹ tó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Àbújá. Bí ọdún kan bá wà tí ẹ kò ní ìwé fún, ẹ lọ rí lọ́yà kí ẹ tó fi orúkọ sílẹ̀.