Èsì: Àbúrò mi kọ́ṣẹ́ aṣọ ní Ìsánlú, kò rówó gba ṣọ́ọ̀bù

Ẹ kú àníyàn o. Ẹ ní àbúrò yín fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n sì fún un ní maṣíìnì, àmọ́ kò rówó gba ṣọ́ọ̀bù. Kó má tíì yáwó gba ṣọ́ọ̀bù. Kó gbé maṣíìnì tí wọ́n fún un síwájú ilé, kó fi àtúnṣe bẹ̀rẹ̀: síìpù tó bàjẹ́, etí aṣọ tó tú. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ó ń wọlé.

Ìyẹn bó bá lè gé bùbá àti ṣòkòtò láìbi ọ̀gá. Bí kò bá lè ṣe é, kó lọ bá ọ̀gá kan ní Kàbà ná. Ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mélòó kan kì í tó, ó sì máa ń dùn mí pé wọ́n ń pè é ní àkọ́yege.

Àsìkò kaṣú, láti nǹkan bí oṣù kejì, lowó ń wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ìgbà yẹn ni kó gba owó tí àwọn oníbàárà bá jẹ ẹ́. Bí maṣíìnì náà bá jẹ́ èyí tó ń lo iná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà.